Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Owó Tí ó Tọ́ sí Ìwé-ẹ̀rí Ètò Ìdájọ́ Ọ̀daràn

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá òbí àti ọ̀dọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mu, pàápàá àwọn tí ń gbèrò láti náwó lé ìwé-ẹ̀rí nínú ètò ìdájọ́ ọ̀daràn, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣèwádìí, bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń gbọ́ ẹjọ́, àti bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Kò yẹ kí owó tí ènìyàn yóò ná lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ipò tí ìwé náà lè gbé e dé lọ, ibi tí yóò sì ti mọ ipò náà ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbani síṣẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́.

Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ní Àbújá ni ó ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, Sífú Dìfẹ́ǹsì, panápaná ìjọba àpapọ̀ àti àjọ tí ń rí sí ìwọlé-wọ̀de. Ẹni tí ó mú èsì WAEC tàbí NECO wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹni tí ó ní OND tàbí NCE ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀wọ́ àwọn ispẹ́kítọ̀, ẹni tí ó sì ní HND tàbí oyè yunifásítì ń wọlé sí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀gá. Ìwé-ẹ̀rí olóṣù mẹ́fà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún èsì WAEC rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ibi kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò náwó rárá. Ní ti ọlọ́pàá, kírẹ́díìtì márùn-ún tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ di kọ́ńsítébù, wọn kì í sì sábà gba ẹni tí ó ti kọjá ọdún 25, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọdún tí ènìyàn fi kàwé tí kò pọn dandan lè jẹ́ ọdún tí yóò fi pàdánù iṣẹ́ náà gan-an.

Ṣíṣírò owó yìí kò le. Láti 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì gbé tirẹ̀ dé 80,000. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn bá ń béèrè 210,000 náírà, owó oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyẹn fún òṣìṣẹ́ tí ó ń gba 70,000, láìtíì ka owó ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, owó ilé, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbá ti rí nídìí iṣẹ́ ọwọ́ láàárín àkókò náà.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, NCE tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gbà níbẹ̀ lè gbé e dé ọ̀wọ́ àwọn ispẹ́kítọ̀, bí iṣẹ́ aláṣọ ìjọba kò bá sì bọ́ sí i, iṣẹ́ olùkọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn fúnra rẹ̀ lè kà á gboyè ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, láìfi iṣẹ́ tí ó ń ṣe sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò o. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù Ọ̀wàrà 2021, ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fi hàn pé ibi tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn 160 ni wọ́n kó 907 sí, tí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì jẹ̀bi lójú òfin, nítorí pé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Iye yìí bani nínú jẹ́. Ó ń fi hàn pé ìlú nílò àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń gba béèlì, bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kí ó má baà sọnù, àti bí òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 ṣe fàyè gba kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré ṣiṣẹ́ ìlú lábẹ́ àbójútó dípò kí ó wẹ̀wọ̀n.

Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìmọ̀ yìí ń tètè pa owó rẹ̀ padà fún, ìbáà ṣe wọ́dà, akọ̀wé kóòtù, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn, nítorí pé owó oṣù kò dúró bí ó ti ń kàwé, ohun tí ó sì kọ́ lónìí ni yóò lò lọ́la. Kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí ó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ yóò tẹ́wọ́ gba ìwé náà fún ìgbéga, kí ó sì fi èsì tí wọ́n bá kọ sí i pamọ́ sínú fáìlì tirẹ̀.