Ṣáàfù ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ mi tún ti kán

ÌBÉÈRÈ: Ṣáàfù ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló kán. Wẹ́dà jó o pa pọ̀, kò pẹ́ tó tún fi kán níbi kan náà. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní irú rẹ̀ kò sí mọ́, àfi kí n lọ ra odidi ẹ̀rọ tuntun ní Èkó. Ẹ̀gẹ́ sì wà nílẹ̀ tó ń bà jẹ́. Ṣé a lè rí ẹni tó máa ṣe é nítòsí? — Ìyá Onígàrí, Ìsẹ̀-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ má tíì náwó lé ẹ̀rọ tuntun. Ìsẹ̀ tiyín ni ìlú Ọlọ́wẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ̀rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ ṣàfihàn ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924. Ṣé ṣáàfù ló wá di ti Èkó?

Tọ́nà ni kí ẹ wá, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì fá irin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó ń tú ẹ́ńjìnnì ní Ìkẹ̀rẹ́, Adó tàbí Àkúrẹ́. Wọ́n mọ àwọn tọ́nà. Wẹ́dà yín kò ṣìkà o. Iná ló ń mú kí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó le jù, kó sì máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Bí ṣáàfù bá tún wọ́ díẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ń yí ló ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, títí yóò fi kán.

Ẹ kó apá méjèèjì tó kán dání, pẹ̀lú béárìn àti púlì. Kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì kan ojú ibi tó kán, torí tọ́nà tó gbọ́ṣẹ́ yóò kà á: ibi tó ń dán ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, ibi tó rí hágahàga ló kán lójijì. Bí irin bá tilẹ̀ ti jẹ, nọ́ńbà ara béárìn yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀: 6205 ń gba ṣáàfù mílímítà 25, 6206 ń gba 30.

Ẹ má kàn sọ pé “Ẹ bá mi ṣe irú èyí.” Irú èyí ló kán! Ẹ sọ fún tọ́nà pé kó má lo ọ̀pá irin ìkọ́lé; irin àsù mọ́tò àlòkù lágbára jù ú lọ. Níbi tí ṣáàfù ti ń tín-ín-rín wọ inú béárìn, kó má gé igun rẹ̀ ṣánṣán, kó jẹ́ kó rọra yí wọlé, nítorí igun ṣánṣán ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì wò ó bóyá púlì ẹ́ńjìnnì àti ti ẹ̀rọ wà lórí ìlà kan, àti pé bẹ́líìtì kò le jù.

Bí agbára bá gbé e, ẹ jẹ́ kó ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi gíríìsì pa ìkejì, kí ẹ wé e, kí ẹ gbé e pamọ́ síbi tí omi ẹ̀gẹ́ kò ti ní kàn án, nítorí omi náà ń jẹ irin. Bí tuntun bá tún kán, ẹ kọ̀wé sí wa kíá.