Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ẹ̀TỌ́ ẸNI TÍ AGBÓFINRÓ BÁ MÚ



Púpọ̀ nínú wa tó ń tajà tàbí ṣiṣẹ́ ọwọ́ láti Alapoti dé Sángo ló ń bẹ̀rù aṣọ ìjọba. Aláìjẹ̀bi á fi owó ra ara rẹ̀. Òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí abala 35 nínú Òfin Àgbà Nàìjíríà, ti ọdún 1999, wí:

1. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀.

2. Kí wákàtí 24 tó pé, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tó gbọ́. Bí Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni.

3. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àfi ẹni tí wọ́n fura sí nípa ọ̀ràn tó la ikú lọ. Kóòtù wà ní Ọ̀tà, kò jìnnà sí wa.

4. Ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ yóò gba owó ìtánràn àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Kóòtù Gíga ni kó lọ (abala 46).

Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sì kọ̀ kí wọ́n mú ìyàwó dípò ọkọ, tàbí kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán.

Ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè orúkọ àti ọ́fíìsì wọn, kí ẹ kọ wákàtí sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni tí wọ́n mú láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé ní Alapoti, ìgbà wo ló yẹ kó dé iwájú adájọ́?