Kí Ẹ Tó Gbé Ọkọ̀ Sórí Mono

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ ní bí ọyẹ́ bá dé, tí ọkà bàbà bá ti wọ àká, ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ sórí odò Mono, kí ẹ máa tù ú lọ lọ́sàn-án, kí ẹ máa sùn sétí odò lálẹ́, títí ẹ ó fi gbóòórùn òkun. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kambolé ìlú wa yìí tó ti dé Lomé lẹ́ẹ̀mẹwàá ni kò mọ ibi tí omi tí wọ́n ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ń lọ. Mi ò ní dá yín dúró. Àmọ́ àkókò tí ẹ mú un sí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí odò tó fà ṣòroó rìn ju odò tó kún lọ, ó sì máa ń tan ọmọdé jẹ nítorí pé kò dẹ́rù bani.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé níbo lomi ti ń wá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìgbà òjò kan péré là ń rí lọ́dún. Nǹkan bí oṣù kẹrin ló ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá ló ń kásẹ̀ nílẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run á gbẹ. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, kò mọ omi í pa mọ́. Mono tó ṣẹ̀ ní agbègbè wa yìí, tó ń rìn tó 400 kìlómítà kó tó dé òkun, a máa ru gùdù lóṣù kẹsàn-án. Tó bá fi máa di oṣù kejì, kì í ju ọ̀gọ̀dọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀gọ̀dọ̀ kan lọ́hùn-ún, tí iyanrìn là wọ́n láàárín.

Èmi ṣe é rí. Mo wà lọ́mọ ogún ọdún, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì. Oṣù kìíní la gbéra, nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára ìtì igi kan ṣoṣo. Láàárọ̀, omi gbé wa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìdí ọkọ̀ ti ń ha iyanrìn. A bọ́ sílẹ̀, a so okùn mọ́ imú ọkọ̀, a gbé okùn kọ́ èjìká, a ń fà á. Igi tó ti mu omi yó kì í ṣe ẹrù èèyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, èjìká ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti bó, gààrí wa sì ti ń tán lọ. Ẹ̀bá ọ̀gọ̀dọ̀ kan la ti bá bàbá apẹja kan tó ń yan ẹja. Kò bú wa. Ó mú wa lọ sídìí igi kan, ó na ọwọ́ síbi tí pàǹtí gbígbẹ há sí láàárín ẹ̀ka, ó ga ju orí mi lọ. Ó ní: “Ibí yìí lomi wà lóṣù kẹsàn-án. Ká ní ẹ bi wá lọ́jà ni, à bá ti sọ fún yín.” Ohun tó dùn mí títí dòní nìyẹn, pé a ò béèrè. Ibẹ̀ la fi ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ la fi rìn wálé.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ apá òkè yìí lẹ fẹ́ tù, ìparí oṣù kẹwàá ni kí ẹ gbéra, kí èyí tó ṣẹ́kù nínú omi òjò lè gbé yín. Bó bá sì jẹ́ inú ọyẹ́ gan-an ni, ẹ wọ mọ́tò gba Sokodé, kí ẹ dé Atakpamé, kí ẹ ti ibẹ̀ lọ sí Nangbéto, kí ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ bọ́ sómi nísàlẹ̀ odi tó wà níbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Nangbéto yìí, torí òun ló yí odò náà padà. Láàárín 1984 sí 1987 ni wọ́n fi odi sé Mono níbẹ̀, kí Tógò àti Benin lè jọ rí iná mànàmáná. Bí adágún tó wà lẹ́yìn odi náà bá kún, ó tó 180 kìlómítà níbùú lóròó. Kí wọ́n tó sé e, ìsàlẹ̀ odò náà a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi tòkè. Láti ìgbà náà, omi tó ń yí ẹ̀rọ iná ló ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ lọ́sàn-án lóru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Òjò ló ni omi òkè. Ọwọ́ èèyàn ló ń tú omi ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá tú u sí i, odò á ga láìsí òjò, láìsí ìkùukùu. Bí wọ́n bá dín in kù, á fà lábẹ́ ọkọ̀ yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó dáná, ẹ gún igi kékeré kan mọ́ ibi tí omi parí sí gan-an, kí ẹnu omi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn án. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ara rẹ̀ ní ìlà ìlà, ìka mẹ́rin mẹ́rin. Bí ẹ bá jí fún ìrun àsùbáà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo ti rí i kí omi bo ìlà mẹ́ta ní òru kan ṣoṣo, iyanrìn tí a dáná sí nírọ̀lẹ́ ti wà lábẹ́ omi, eérú wa ti bá odò lọ. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn: ẹ má sùn sórí iyanrìn àárín odò, bó ti wù kó funfun tó, bó ti wù kó tutù tó. Orí ilẹ̀ gíga létí odò ni kí ẹ sùn. Kí okùn tí ẹ fi so ọkọ̀ mọ́ igi sì gùn dáadáa, torí okùn kúkúrú á fa imú ọkọ̀ wọ omi bí odò bá ga.

Ẹ má ka ọjọ́ lórí máàpù. Odò ń lọ́ bí ejò, ibi tí ìka kan wọ̀n lórí ìwé lè gbà yín ní ọjọ́ kan gbáko. Bí ẹ bá rò pé ọjọ́ mẹ́fà ni, ẹ gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ibi tí odò bá ti kọ́rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta lomi ti jìn. Ẹ̀gbẹ́ inú, iyanrìn ni. Ibi tí omi bá ti wú díẹ̀ tó ń dán bíi dígí, àpáta ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń hó níwájú, ẹ gúnlẹ̀, kí ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí omi tó mọ ní orúnkún mú yín bọ́ aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ibú lè wà lẹ́yìn iyanrìn náà.

Omi tó fà ló ń kó erinmi jọ sínú ìwọ̀nba ibú tó kù. Bí apẹja bá ní ibú báyìí kò dáa, ẹ gbà á gbọ́. Ibi tí ẹ bá ti rí koríko tó tẹ́ lulẹ̀ bí ọ̀nà láti etí omi wọ inú igbó, ẹ má pàgọ́ síbẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ erinmi lóru nìyẹn.

Ẹ má wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan, àtọ̀sí ajá ń bẹ níbẹ̀. Ẹ se omi mímu. Etí ibi tí omi ti ń hó ni àwọn eṣinṣin kéékèèké tó ń fa ìnárun, àrùn tó ń fọ́ni lójú, ti ń yé ẹyin, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹni. Ẹ̀yin ò mọ àwọn abúlé tí àwọn àgbà ti ń di ọ̀pá mú kiri, tí ọmọdé ń fà wọ́n lọ́wọ́. Èmi mọ̀ wọ́n. Láti 1987 ni Mectizan, oògùn àrùn náà, ti di ọ̀fẹ́. Ẹ lò ó bí wọ́n bá ti pín in, kí ẹ sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Títí dé Atakpamé, ẹ ó rí àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn sún mọ́ tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, Ewe àti Adja lẹ ó máa gbọ́, nítorí náà ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ ọ dání. Bí ẹ bá sún mọ́ ìsàlẹ̀, odò náà di ẹnubodè: òsì yín Benin, ọ̀tún yín Tógò. Káàdì ìdánimọ̀ yín kò gbọ́dọ̀ tutù. Ní gbogbo èbúté, ẹ kí àgbà ibẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì bi í pé: báwo lomi ti rí títí dé èbúté tó kàn? Ẹ má ṣe bi í kọjá ibẹ̀, torí èbúté kan síkejì ni ojú rẹ̀ tó. Agbanakin ni kí ẹ ti gúnlẹ̀. Ẹ má tù ú dé ẹnu òkun ní apá Grand-Popo. Ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọkọ̀ odò.

Ẹ kọ orúkọ àwọn èbúté náà sínú ìwé fún ìyá yín, ẹ sì máa pè é níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ kó àjẹ̀ yín wá sílé mi, kí n wo igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ.