Orúnkún tó ti fara pa rí

Ẹni tó ti ṣubú lórí zémijan rí, tí dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra fún báyìí, wọ́n á ní kó máa rìn kó tó dọjọ́ náà. Orúnkún á ní òun ò gbà.

Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì jókòó gẹlẹtẹ. Kílò kan tí ẹ bá dín kù, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ ka 1 dé 5, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́, láìru ẹrù. (Ẹ̀yin elépo, mo mọ̀ pé ìyẹn nira!) Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dunni ni kó wà, ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣì í mú.

Bí ìrora bá di ọjọ́ kejì, ẹ dín ìrìn kù. Bí orúnkún bá wú tó sì gbóná, ilé ìwòsàn ni o. Àti oògùn ìrora ojú ọjà, bí ibuprofen àti diclofenac: ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó, torí ó lè dá egbò sínú ikùn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí.