Lọ́yà tí máàkì rẹ̀ kò ga: ẹ̀ka òfin wo ló lè fi jẹun?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò lágbègbè Àpòmù àti Ìkirè ló ń fi èrè kòkó, epo pupa àti gàrí rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni Nigerian Law School tún kàn. Bí èsì bá wá jáde tó jẹ́ 2:2, ṣe ni ilé máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá á ní òun ti da owó sómi, ìyá á ní kí ọmọ tètè lọ wá iṣẹ́ ìjọba. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òwò ni iṣẹ́ lọ́yà, ẹni tó bá sì ń tajà mọ̀ pé kì í ṣe ọjà tó gbayì jù ló ń mówó wálé, bí kò ṣe èyí tí àwọn tó wà nítòsí ń wá rà.

Ibi tí máàkì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ọ́fíìsì lọ́yà ńláńlá ní Victoria Island àti Ìkòyí l'Ékòó máa ń wo èsì kí wọ́n tó pe èèyàn wá. Yunifásítì tó ń wá olùkọ́ náà ń wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lókè òkun. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ilẹ̀kùn tó tì kò pọ̀. Nàìjíríà kò pín lọ́yà sí ọ̀nà méjì bíi tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n bá ti gbà sẹ́nu iṣẹ́ lè rojọ́ ní kọ́ọ̀tù, ó sì tún lè kọ ìwé àdéhùn. Oyè SAN pàápàá, tí wọ́n kọ́kọ́ fi dá Rotimi Williams àti Nabo Graham-Douglas lọ́lá lọ́dún 1975, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ àti irú ẹjọ́ tí èèyàn ti rò ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe kíláàsì tó fi jáde ní yunifásítì.

Èsì àpapọ̀ sì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà Law School ni pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba máàkì tó kéré jù nínú márààrún ló ń pinnu kíláàsì rẹ̀. Ẹni tó tayọ nínú òfin dúkìá, ṣùgbọ́n tó rá pálá nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, á gba irú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹni tó rá pálá nínú gbogbo rẹ̀. Máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ọmọ tẹ́ síwájú nígbà tó bá ń yan ẹ̀ka.

Ní Àpòmù, ilẹ̀ ló súnmọ́ jù. Ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò lè ṣàìní ẹni tó ń wá ilẹ̀ fún ilé epo, ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé gbígbé. Òfin àwọn lọ́yà sì ka ìwé ilẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà bá gbowó kọ sí ìwà ọ̀daràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kò tíì jáwọ́. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ẹni tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kó tó gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíì.

Ilẹ̀ ẹbí ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Lọ́dún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Federal Supreme Court sọ pé bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà lórúkọ ẹbí láìsí àṣẹ wọn, wọ́n lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e. Ó dáa, ta ni olórí ẹbí? Ojúlé mélòó ló wà nínú agboolé, ta ló sì ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kò sí ìwé ní yunifásítì tó dárúkọ wọn. Ọmọ tó dàgbà sí Àpòmù mọ̀ wọ́n, tàbí kó mọ ẹni tó yẹ kó bi. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó di lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́dún 1879, ìmọ̀ tó ní nínú òfin ìbílẹ̀ tí kò sí lákọsílẹ̀ wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká.

Gbèsè àti àdéhùn ọjà ló tẹ̀ lé ilẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìjà lórí ataare lọ́jà Àpòmù wà lára ohun tó fa ogun Òwu, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Lónìí, wọn kì í pe ológun mọ́, ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè. Oníbàárà á kó ọjà láwìn, kò ní san án, ọlọ́jà á sì sáré lọ sí àgọ́. Bẹ́ẹ̀ abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Lọ́yà tó bá lè kọ ìwé àwìn olójú ewé méjì tí ọlọ́jà máa lóye, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè gbèsè ní kọ́ọ̀tù, á rí iṣẹ́ ṣe. Èkó ti dá kọ́ọ̀tù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì ti ń tẹ̀ lé e.

Fíforúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC kò lè bọ́ lọ́yà mọ́, torí pé olówò fúnra rẹ̀ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti òfin tuntun yàtọ̀. CAMA 2020, tó rọ́pò ti 1990, ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ḿpìnnì aládàáni sílẹ̀. Òfin owó orí tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Àgbà lọ́yà àti ọmọ tó gba 2:2, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣí i kà.

Èyí tó burú jù ni kí ọmọ máa gba gbogbo ẹjọ́ tó bá délẹ̀, kó má sì mọ ọ̀kan dájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ṣoṣo náà kò lè tó jẹ nílùú kékeré. Kó mú méjì tó bára mu, bí ilẹ̀ àti ogún, tàbí gbèsè àti owó orí. Kó wá ọ́fíìsì àgbà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, kó lo ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀. Owó ibẹ̀ kì í tó nǹkan, kí òbí sì fi ìyẹn sínú ìṣirò.

Kò pọn dandan kó dúró di ìgbà tó bá jáde. Ní ọdún ìkẹyìn, akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń kọ ìwé ìwádìí kan, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń da ti ẹlòmíì kọ. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ lórí títa ilẹ̀ ẹbí, tó lọ sí kọ́ọ̀tù lọ wo ẹjọ́ tó dá lórí rẹ̀, tó sì bá àwọn mọ́gàjí sọ̀rọ̀, yóò ní ohun tó lè gbé síwájú àgbà lọ́yà lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè kíláàsì tó fi jáde.