Ìrora Egungun Tí Ó Ṣẹ́, àti Ìlò Oògùn Rẹ̀

Kò sí iṣẹ́ oko tí kò ní ewu tirẹ̀. Ẹlòmíràn a jábọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà tí ẹyìn bá pọ́n. Ẹlòmíràn a yọ̀ ṣubú ní ojú ọ̀nà odò ní ìgbà òjò. Ẹlòmíràn a sì ṣubú lórí alùpùpù tí ó fi ń kó iṣu lọ sí ọjà. Nígbà tí egungun bá ṣẹ́, ohun mẹ́ta ni ó yẹ aláìsàn: kí a to egungun náà sí ipò rẹ̀, kí a mú un dúró láìmì, kí a sì mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀. Ohun kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣì ṣe. Àwọn kan kò fẹ́ lo oògùn rárá, wọ́n ní akọni kì í ké. Àwọn mìíràn sì ń gbé e mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

ÌDÍ TÍ A FI Ń MÚ ÌRORA RỌLẸ̀. Ará Samáríà inú àkàwé Olúwa wa kò ní kí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù máa fara dà á; ó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ilé èrò. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, tí ìrora kò sì jẹ́ kí ó mí kanlẹ̀ tàbí kí ó wúkọ́, òtútù àyà lè kọ lù ú. Ẹni tí kò lè sùn kò ní lè jẹun dáradára, ara tí kò sì jẹun kì í tètè san.

BÍ A TI Ń LO OÒGÙN. Ìrora a máa le jù lọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní àkókò náà, wákàtí ni kí a máa fi lo oògùn, kí a má ṣe dúró títí iná yóò fi ran àjà kí a tó wá omi. Bí ìrora bá ti ń dínkù, kí a máa dín oògùn náà kù pẹ̀lú.

Èkíní ni paracetamol. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè lo hóró 2, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ miligíráàmù 500, kí wákàtí 4 ó kéré tán sì kọjá kí ó tó lo òmíràn. Kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàrin wákàtí 24. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìparun náà sì lè má fi ara hàn ní ọjọ́ kìíní. Ẹni tí ó rù púpọ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ń mu ògógóró lójoojúmọ́, kí wọ́n béèrè ìwọ̀n tiwọn lọ́wọ́ dókítà. Ìwọ̀n ara ni a fi ń díwọ̀n ti ọmọdé. Kí a kíyè sí i pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti ọ̀fìnkìn. Ẹni tí ó lo méjèèjì pọ̀ ti lo ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Èkejì ni ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ó dára fún ìrora àti wíwú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ni kí a lò ó. Kò yẹ fún aboyún, tàbí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá; ẹni tí ó ní ikọ́ fée kí ó béèrè kí ó tó lò ó. A kì í sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin, àfi bí dókítà bá pa á láṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn oògùn líle bí morphine àti tramadol. Ẹ̀bùn rere ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ dókítà nìkan ni kí a fi lò wọ́n, fún ọjọ́ díẹ̀. Wọn a máa mú ìgbẹ́ le. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, wọn a mú èémí lọ sílẹ̀ títí aláìsàn kò fi ní lè jí. Ẹni tí ó ń ra tramadol ní ọjà kí ó lè kọ ebè púpọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ oko ẹrú.

ÌRORA TÍ OÒGÙN KÒ GBỌDỌ̀ BÒ MỌ́LẸ̀. Èyí ni olórí ẹ̀kọ́ náà. Kí a wí pé ọmọkùnrin kan jábọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ ṣẹ́, a sì fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í pinpin. Ní alẹ́, ó ń ké ju ti àárọ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n kò rọlẹ̀. Bí bàbá náà bá fi òmíràn kún un, tí ó ní kí ó sùn, ó lè jẹ́ pé apá náà ni yóò sọnù. Ìdì ti fún ẹran ara tí ó wú, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Láàrin wákàtí díẹ̀ ẹran ara lè kú. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ìrora tí ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oògùn, ìrora gidigidi bí a bá na ìka, ìka tí ó tutù, tí ó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí a bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí a tú gbogbo ìdì náà lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí ń to egungun ni ó dì í. Kí a gbé apá náà sí ìwọ̀n ibi ọkàn. Kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ ní òru náà, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ POP ni, ilé ìwòsàn ni yóò là á, ní wákàtí náà gan-an.

Ìránṣẹ́ ni ìrora. Ó tọ́ kí a mú ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ iṣẹ́ tí a fi rán an. Kò tọ́ kí a di í lẹ́nu kí ó tó sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ. 1. Hóró paracetamol mélòó ni àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá láàrin wákàtí 24? 2. Ta ni kò yẹ kí ó lo ibuprofen? 3. Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe bí ìka ẹni tí a dì ní apá bá tutù?