Ìlẹ̀dú Tí Ó Yẹ Fún Igi Inú Ìkòkò Tí Ó Fẹ́ Ilẹ̀ Kíkan

Ìlẹ̀dú dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀dú ni ó yẹ fún gbogbo igi. Ní Kétu àti ní Ìkòsí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbin nǹkan sínú ìkòkò a máa ra àpò ilẹ̀ dúdú kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta igi òdòdó lẹ́bàá títì. Bí ó bá ti dúdú, tí ó sì rọ̀ lọ́wọ́, a gbà pé ó tó. Lóòótọ́, bí ó bá gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀, yóò rí ẹ̀fọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin ọ̀pẹ òyìnbó tàbí ixora, kò ní pẹ́ tí ewé titun yóò fi máa pọ́n bí ìyeyè, nígbà tí iṣan ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Olúwa rẹ̀ a rò pé ebi ni ó ń pa igi, a sì tún da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Èyí ni ó ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Bí omi ògì ṣe ń kan, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ pẹ̀lú ń kan. Òdìkejì kíkan ni agbára tí ó wà nínú eérú, èyí tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Ní ọdún 1909, Sørensen, ọ̀mọ̀wé ará Denmark, ṣe òṣùwọ̀n kan fún un. Ohun tí ó wà ní 7 kò kan, kò sì ní agbára eérú. Bí iye náà bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí 7 ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀pẹ òyìnbó fẹ́ ilẹ̀ tí ó wà láàárín 4.5 àti 5.5. Ixora fẹ́ 5 sí 6. Ẹ̀fọ́ púpọ̀ ni ó fẹ́ 6 sí 7.

Nínú ilẹ̀ kíkan, irin tí igi ń jẹ a máa yọ́ sínú omi, gbòǹgbò a sì mu ún. Níbi tí eérú tàbí ẹfun bá pọ̀, irin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí oúnjẹ inú àpótí tí a ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. P. L. Gile fi èyí hàn ní erékùṣù Puerto Rico ní ọdún 1911, nígbà tí ó wádìí ìdí tí ọ̀pẹ òyìnbó fi ń pọ́n lórí ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀.

Òjò Èkó a máa fọ ẹfun kúrò nínú ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ wa kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí èyí ni ixora tí a gbìn sínú ilẹ̀ gbalasa fi ń tanná dáadáa, tí èkejì rẹ̀ tí ó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàìsàn. Àwa ni a ń ba ti inú ìkòkò jẹ́. A ń da eérú ààrò sí i, àti èèpo ẹyin, àti ìkarahun ìgbín. Ìgbẹ́ adìẹ tí ń yé ẹyin kò yàtọ̀, nítorí pé ẹfun òkúta tàbí ìkarahun lílọ̀ wà nínú oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le. Ìkòkò sìmẹ́ńtì pàápàá ń tú ẹfun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀. Mélòó nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa, tí a tún ń fi ẹfun kùn fún ọdún Kérésìmesì! Ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀ kí ó gbin igi sínú ìkòkò amọ̀ tàbí ike, kí ó sì gbé e sínú ti sìmẹ́ńtì náà.

Ní ti ilẹ̀ ààtàn, ẹ má ṣe lò ó rárá fún ohun jíjẹ. Àwọn ààtàn ńlá bí Olúṣòsùn ní Ojota, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí iná sì jó ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ti gba bátìrì àti oríṣiríṣi ohun olóró. Òjé inú wọn a máa wọ ara ọmọdé, a sì máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Àdàlù tí ó yẹ nìyí. Mú ewé gbígbẹ tí ó ti jẹrà pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó, ìwọ̀n méjì. Ilẹ̀ òkè inú oko tí a kò da eérú sí, ìwọ̀n kan. Yanrìn odò tí kò ní ìkarahun, ìwọ̀n kan. Lẹ́búlẹ́bú náà gbọ́dọ̀ ti wà ní òkìtì fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí a sì bu ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ sí i, nítorí pé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ayùn a máa du igi ní oúnjẹ. Pákó tí a fi oògùn ìkán kùn kò dára. Ẹ ya òkìtì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ ń kó èérí ilé ìdáná sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ.

Kí ẹ tó san owó ilẹ̀ tàbí yanrìn, ẹ bù díẹ̀ tí ó gbẹ sínú àwo, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bí ó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún olóko ẹ̀fọ́.

Igi tí ó ti pọ́n kò tíì kú. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọn ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, kí ẹ tún un gbìn sínú àdàlù yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí kíkan rẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ po imí ọjọ́ lílọ̀ mọ́ ọn, kí ó má ju ṣíbí tíì kan gééré lọ fún garawa kan. Àwọn ohun alààyè tíntìntín inú ilẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di kíkan, èyí sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ìwàǹwára bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń pò ó.

Ẹni tí ó bá ra ọ̀pẹ òyìnbó ní ọjà èso Kétu kí ó má sọ ṣùkù ewé orí rẹ̀ nù. Kí ó ré gbogbo ẹran ara èso kúrò nídìí rẹ̀, kí ó já ewé ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ó sá a síbi òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tó gbìn ín. Omi òjò ni kí ó máa bu sí i, kí ìdí ìkòkò náà sì ní ihò. Yóò so láàárín oṣù 18 sí 24.